Nígbà tí Omi Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Bá Kọ̀ Tí Kò Lọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ìdílé tí omíyalé lé kúrò nílé ní Ìlá Ọ̀ràngún àti agbègbè Ìgbómìnà sọ

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń múra láti padà sílé. Ìbéèrè kan tí ẹ ń bi wá léraléra kì í ṣe ti ògiri tàbí páànù, ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni: "A da omi sí i, omi ń ru padà sókè. Kí ni ká ṣe?"

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ń gbé inú àgọ́, tí wọn kò tíì délé, a rí i nínú Deutarónómì orí 23 pé Mósè pàṣẹ kí wọ́n ní ibi ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn ibùdó, kí wọ́n sì fi ilẹ̀ bo ohun tó jáde lára wọn. Bí ìgbẹ́ bá wọ inú omi tí à ń mu, onígbáméjì lè tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá sì mú gan-an lè kú láàárín wákàtí díẹ̀ bí a kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn ọmọ tó padà sílé, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ wádìí ibi tó ti dí

Àkọ́kọ́, ẹ da omi sí balùwẹ̀ tàbí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ kejì tó bá ń lo páìpù kan náà. Bí ìyẹn bá ń lọ dáadáa, ọrùn àwo àkọ́kọ́ ló dí. Bí gbogbo rẹ̀ bá kọ̀, ìdíwọ́ náà wà níwájú.

Èkejì, ẹ ṣí kòtò kékeré onídèérí tó wà láàárín ilé àti sọ́kàwéè, bí ilé yín bá ní i. Bí ó bá gbẹ nígbà tí àwo kún, páìpù tó ti inú ilé wá ló dí. Bí kòtò náà bá kún, ẹ wo páìpù tó lọ sí sọ́kàwéè tàbí sọ́kàwéè fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni sọ́kàwéè. Ẹ ṣí i díẹ̀, kí ẹ sì sún sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè pani, ó sì lè gbiná. Kí ẹnikẹ́ni má wọ inú rẹ̀, kódà láti yọ ẹni tó ṣubú sí i. Ẹ má mú fìtílà tàbí sìgá dé ibẹ̀, tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Ẹ tètè dé e padà nítorí àwọn ọmọdé.

Bí ilẹ̀ bá ṣì mu omi yó, sọ́kàwéè lè kún láìjẹ́ pé ohun kankan dí i. Kò síbi tí omi rẹ̀ fẹ́ lọ ni. Ẹ má ṣe pe ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ ní àkókò yìí. Omi inú ilẹ̀ ń ti ògiri sọ́kàwéè láti ìta. Bí ẹ bá fa ti inú tán, kò sí ohun tí yóò máa tì í padà mọ́, ògiri lè là tàbí kó wó. Omi yóò sì tún kún un, owó yín á ti ṣòfò. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ máa fi wọn omi kànga láràárọ̀. Nígbà tó bá ti lọ sílẹ̀ dé ibi tí ẹ mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, ẹ lè pe ọkọ̀.

Bí ó bá jẹ́ ọrùn àwo

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, tàbí kí ẹ fi ọ̀rá méjì bo ọwọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi ife àlòkù bu ẹrẹ̀ jáde. Ẹ má fi omi tì í lọ, nítorí ẹrẹ̀ tí àgbàrá gbé wá máa ń jókòó sínú páìpù, á sì le bíi sìmẹ́ǹtì.

Lẹ́yìn náà, ẹ da omi sí i títí yóò fi bo ihò rẹ̀. Ẹ fi plunger tì í. Bí kò bá sí, ẹ di àkísà mọ́ orí igi, kí ẹ sì fi ọ̀rá tó nípọn wé e. Ẹ rọra ti àkọ́kọ́, kí ẹ wá máa tì í kí ẹ sì máa fà á, bíi ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ẹ da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà láti ìwọ̀n ìbàdí. Bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò lọ, ẹ pe púlọ́ńbà.

Ẹ má lo ọ̀pá irin, ẹ má da omi tó ń hó sí i. Àwo lè fọ́. Ẹ má da jíìkì àti ásíìdì pọ̀, èéfín rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ilé tí ìdílé púpọ̀ jọ ń lo àwo kan

Ẹ má fi àkókò wá ẹni tó ju àkísà sí i. Ẹ bá onílé jókòó kí gbogbo ayálégbé tó padà, kí ẹ fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí yóò sanwó sọ́kàwéè àti ẹni tí yóò máa fọ àwo. Ẹ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì onídèérí kan síbẹ̀ fún pádì, pámpásì, àkísà àti ṣùkù àgbàdo.

Ohun tí ẹ bá bù jáde, ẹ gbẹ́lẹ̀ sin ín jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí odò. Nígbà tí odò Ògùnpa ya ní Ìbàdàn ní ọdún 1980, pàǹtí tó dí ojú ọ̀nà omi wà lára ohun tó fà á.

Lẹ́yìn iṣẹ́

Ẹ fi ọṣẹ fọ ilẹ̀ kí ẹ tó fi jíìkì tí ẹ ti fi omi là nù ún. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Bí àgbàrá bá ti wọ kànga yín, ẹ má mu omi rẹ̀ láìsè é kó hó dáadáa, títí a ó fi fọ̀ ọ́ tí a ó sì fi oògùn apakòkòrò sí i.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń yàgbẹ́ bí omi, ẹ po ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 tí a gé orí rẹ̀ àti ìdajì ṣíbí iyọ̀ mọ́ lítà kan omi mímọ́. Ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ti ń gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yin opó àti àgbàlagbà tí kò lẹ́ni tí yóò bá yín ṣe é, ẹ sọ fún wa kí ẹ tó kúrò níbí. A ó bá yín wá ẹni tí yóò bá yín délé. Ọlọ́run yóò mú wa délé láyọ̀.