Àyè Ọ̀dọ́ Aláàbọ̀ Ara Nínú Mọ́ṣáláṣí
(Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, Obbo-Ilé, Ìpínlẹ̀ Kwara)

  

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rí afọ́jú àti arọ. Wọ́n á fún un ní owó, wọ́n á sì wọlé lọ kírun. Sàráà dára, ẹ̀san sì wà fún un. Ṣùgbọ́n èé ṣe tí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń gba sàráà náà kò fi sí lórí ìlà ìrun?

Àwọn àgbà ayé àtijọ́ a máa pe arọ, abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà. Orúkọ iyì ni lójú wọn, ṣùgbọ́n ó ya ẹni náà sọ́tọ̀ kúrò láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Mùsùlùmí ti kọ òrìṣà sílẹ̀. Ìyàsọ́tọ̀ náà ni ọ̀pọ̀ kò tíì kọ̀. Òbí ṣì wà tí ń fi ọmọ adití pamọ́ sí ìyẹ̀wù nígbà tí àlejò bá dé. Ààfáà wà tí kì í gba ọmọ afọ́jú sí ilé-kéú, pé kò lè rí wàláà, bí ẹni pé kì í ṣe etí àti ahọ́n ni a fi ń há Àlùkùránì sórí. Ìdílé sì ń kọ ọmọbìnrin oníwà rere nítorí ẹsẹ̀ kan tí ó rọ.

Afọ́jú ni Ibn Umm Maktum, sàhábà Ànábì (s.a.w.). Nígbà tí ó wá bá Ànábì ní Mẹ́kà láti béèrè ẹ̀kọ́, Ànábì ń bá àwọn ọlọ́lá Kuráìṣì sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, ó sì yíjú kúrò. Nítorí rẹ̀ ni Allah ṣe sọ Súrà Abasa kalẹ̀, tí Ó fi bá Ànábì Rẹ̀ wí. Àwọn oníwàásù a máa sọ èyí dáadáa. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ní Mẹ̀dínà ni wọn kì í tẹnu mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ibn Umm Maktum di ládánì pẹ̀lú Bilal. Nínú Ramadan, Bilal a pe ìrun kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ènìyàn a sì máa jẹ sààrì lọ títí Ibn Umm Maktum yóò fi pè. Afọ́jú ni a fi ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ gbogbo ìlú sí lọ́wọ́! Báwo ni ó ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́? Àwọn tí ó ríran ni wọ́n ń sọ fún un. Wọn kò ní kí ó lọ jókòó sílé. Wọ́n fi ojú wọn ràn án lọ́wọ́, òun náà sì fi ohùn rẹ̀ sìn wọ́n. Ànábì tún fi í ṣe adelé ní Mẹ̀dínà nígbà tí ó lọ sí ogun.

Òfin Nàìjíríà náà ti sọ̀rọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, a kéde pé Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí òfin tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ aláàbọ̀ ara léèwọ̀. Ó fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀ ní ọdún 5 láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún náà sì ti pé láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ẹ wo àtẹ̀gùn mọ́ṣáláṣí àti ibi àlùwàlá. Mélòó ni arọ lè dé láìjẹ́ pé wọ́n gbé e bí ẹrù? Àpò sìmẹ́ǹtì díẹ̀ àti bíríkìlà kan ni iṣẹ́ náà ń fẹ́.

Ní ti ẹ̀kọ́, àjọ JAMB, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Oloyede, ti dá ètò ìdánwò sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú láti ọdún 2017, Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola ni a sì fi ṣe alága rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a kò rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò lè dé ibi ìdánwò náà. Ilorin ni ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba Kwara fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, ó sì jìn sí Obbo-Ilé, Ọ̀sì àti Iloffa. Òbí tí kò ní owó ọkọ̀ yóò dá ọmọ rẹ̀ dúró sílé. Owó ọkọ̀ ọmọ kan àti ẹni tí yóò mú un lọ kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ jọ tí àwọn ọ̀dọ́ ń dá nígbà Ìtúnu Ààwẹ̀.