Sáyẹ́ǹsì Lẹ́nu Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ



Ọmọ wa tí ó bá fẹ́ gba oyè másítà ní Amẹ́ríkà nínú iṣẹ́ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ a máa rò pé ẹ̀kọ́ èdè nìkan ti tó. Àwa pẹ̀lú rò bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ yìí kan náà ni í yẹ ọ̀nà ọ̀fun ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù wò, kí omi tí ó ń mu má baà gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Nítorí náà ni ASHA, ẹgbẹ́ tí ń fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀, ṣe ń béèrè ẹ̀kọ́ yunifásítì nínú báyọ́lọ́jì, físíìsì tàbí kẹ́mísírì, statistics, àti ẹ̀kọ́ nípa ìwà ẹ̀dá tàbí àwùjọ. Àṣeyege WAEC kò tó fún un.

Ẹni tí ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Olúṣẹ́gun Àgágù, ní Okitipupa wa níhìn-ín, lè ti ní púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí lọ́wọ́. Ẹni tí ó gboyè nínú Yorùbá ni iṣẹ́ kù fún jù. Ilé-ìwé kan a fẹ́ kí ó parí wọn kí ó tó wọlé, òmíràn a gbà kí ó ṣe wọ́n níbẹ̀. Ẹ̀yin ará wa ní Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá àwọn ọmọ wọ̀nyí béèrè kí wọ́n tó san owó ìforúkọsílẹ̀.