Ìwé Méjìlá, Fíìmù Méjìlá Láàárín Ọdún Kan

(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹgbẹ́ sọ níbi àpèjọ ọlọ́dọọdún wa)

  Akọ̀wé ní ìṣẹ́jú 15 péré ni mo ní, torí ìrẹsì ti ń tutù. Mo ti gbọ́.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́dún tó kọjá, mo fa ara mi níjà pé kí ọdún tó parí, màá ka ìwé 12, màá sì wo fíìmù 12, èyí tó jẹ mọ́ Yorùbá tàbí mọ́ agbègbè tiwa yìí. Ẹ má rò pé àríyá àgbà lásán ni. Dókítà tó yẹ ojú mi wò ló sọ pé glaucoma ti mú ojú mi òsì, ó sì ti ń yọjú sí ti ọ̀tún. Àìsàn yìí kì í dunni, kì í yúnni. Lọ́pọ̀ ìgbà, omi inú ẹyinjú ló ń le jù, tí yóò máa tẹ iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ. Láti ẹ̀gbẹ́ ni ìríran yóò ti máa dínkù, kí ẹni náà tó fura, ó ti jìnnà. Èyí tó bá ti lọ kò ṣeé gbà padà; oògùn tí mo ń kán sójú lálaalẹ́ kàn ń ṣọ́ èyí tó kù ni. Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 40 ọdún, pàápàá tí bàbá tàbí ìyá yín bá ti ní irú rẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ yẹ ojú wò.

Nígbà tí mo délé lọ́jọ́ náà, mo wo pẹpẹ ìwé mi. Ìwé tí mo ti ń sọ láti bí 30 ọdún pé màá kà tí mo bá fẹ̀yìn tì kún ibẹ̀. Ìgbà tí mo sì ti fẹ̀yìn tì ti pẹ́! Ni mo bá mú ìwé àjákọ ọmọ ọmọ mi kan, mo fa ilà sí i, mo kọ oṣù méjèèjìlá sílẹ̀.

Òfin tí mo ṣe kò pọ̀. N kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwé mìíràn bí n kò bá tíì parí èyí tó wà lọ́wọ́. Tí mo bá parí ọ̀kan, màá kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀. N kò sì gbọdọ̀ wo fíìmù tí a fi ìwé ṣe àfi tí mo bá ti ka ìwé náà tán.

Òfin kẹta yìí ló jẹ́ kí n fi Ó Le Kú bẹ̀rẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé ìwé náà jáde ní 1974; Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Ṣé ẹ rántí bí aṣọ "oleku" ṣe gbòde nígbà tí fíìmù yẹn jáde, bùbá pẹ̀lú ìró kúkurú? Ìyàwó mi rán méjì. Nígbà tí mo wá ka ìwé yẹn, mo rí i pé wàhálà Àjàní láàárín Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé wúwo ju bí mo ti rò lọ. Nínú fíìmù, ojú Yẹmí Ṣódìmú la ń wò, ẹ̀rín sì ń pa wá. Nínú ìwé, ìwọ nìkan ló kù pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, kò sí orin tí yóò bá ọ gbé e. Síbẹ̀, bí a bá dé orí Ṣaworoidẹ tí ó jáde ní 1999, tí Ìṣọ̀lá kan náà kọ, mo fara mọ́ fíìmù. Ìlù tí ọ̀rọ̀ ìlú Jogbo dá lé, ta ló fẹ́ máa kà á lórí bébà? Etí ló ni ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ kan tí ó lè ya àwọn kan lẹ́nu: kíka Yorùbá kò rọrùn fún ẹni tó ti fi 40 ọdún ka fáìlì Gẹ̀ẹ́sì. Ojú ìwé 20 àkọ́kọ́ dà bí ẹni ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Nígbà tó yá, mo ń kà á sókè, ó wá ń lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọmọ mi tó wá lo họlidé láti Èkó ṣe gbọ́ mi. Ọmọ ọdún 11 ni. Ó ń sọ Yorùbá dáadáa, ó ń wo Aníkúlápó àti Jagun Jagun lórí fóònù, àmọ́ kò tíì ka odindi ìwé Yorùbá kan rí. Mo gbé Àjà Ló Lẹrù lé e lọ́wọ́, ìwé Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tó jáde ní 1969, pé kó máa kà á fún mi ní alẹ́ tí ojú bá ń rẹ̀ mí. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo "ọkọ̀" ló ń pè ní "ọkọ", ó ní ènìyàn wọ inú ọkọ lọ. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tí yóò fi lo ọ̀sẹ̀ méjì, Lápàdé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti gbé e lọ, òun fúnra rẹ̀ ló ń wá mi kiri lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ó parí rẹ̀ kó tó padà sí Èkó, ó sì béèrè èyí tó tẹ̀ lé e, Àgbàlagbà Akàn, ti 1971. Mo wá a ní Ìkìrun, mo wá a ní Òṣogbo. Lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ kan ní Ìbàdàn ni mo ti rí i yá nígbẹ̀yìn. Ẹ ò rí nǹkan? Ọmọ fẹ́ kàwé, ìwé ni kò sí.

Ìwé tó gba agbára mi jù ni ti Samuel Johnson, The History of the Yorubas. Ní 1897 ni Johnson parí rẹ̀, ìwé àfọwọ́kọ náà sì sọnù sọ́dọ̀ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un tò láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, kó tó jáde ní 1921. Ojú ìwé rẹ̀ lé ní 600, lẹ́tà rẹ̀ sì tín-ín-rín bí èèrà. Oṣù mẹ́ta ni ìwé yìí gbà lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ẹ̀yin ará Ìkìrun, ibẹ̀ ni ogun Jálumi wà, ogun ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí Ìbàdàn dojú kọ Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá níbí yìí, tí àwọn tó ń sá lọ fi kó sí odò Ọ̀tìn. A ti ń pe orúkọ ogun náà láti kékeré bí ẹni ń pe orúkọ àdúgbò. Ojú Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ni Johnson fi wo ọ̀ràn náà o. Ará Ìlọrin tàbí Ìjẹ̀ṣà kò ní sọ ọ́ báyẹn, kí ẹ sì fi èyí sọ́kàn tí ẹ bá ń kà á.

Ti Òkukù náà ń bẹ. Karin Barber, obìnrin òyìnbó tó dé Òkukù ní 1974, lo bí ọdún mẹ́ta ńbẹ̀, ó ń gbọ́ oríkì lẹ́nu àwọn ìyá wa. Ìwé tó ti inú rẹ̀ jáde, I Could Speak Until Tomorrow, dé ní 1991. Ulli Beier ti kọ tirẹ̀ ní 1982 lórí àwọn adé ìlẹ̀kẹ̀ Olókukù. Inú mi dùn sí méjèèjì, inú sì tún bí mi díẹ̀, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n, wọ́n sì wọ́n lọ́jà, bẹ́ẹ̀ oríkì ilé ẹlòmíràn nínú yín lè wà níbẹ̀. Barber yìí kan náà bá ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti Òṣogbo rìn kiri, ó sì kọ ìwé lé àwọn eré wọn lórí ní 2000, ọdún tí Adéjọbí fúnra rẹ̀ kú.

Lórí fíìmù, mo rí 12 náà wò pé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ wo Àjàní Ògùn ní 1976, ẹ gbìyànjú kí ẹ wá ẹ̀dà tó dán mọ́rán lónìí, ẹ óò sọ fún mi. Ẹ rántí Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá, 1982. Àwọn olè da fíìmù yẹn kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ ọrùn Mósè Ọláìyá. Ẹ̀rín tí a rín sí kásẹ́ẹ̀tì náà nínú pálọ̀ wa, òun ló san owó rẹ̀.

Ìwé ní tirẹ̀, 10 ni mo parí. Méjì tó kù, tí ọ̀kan jẹ́ Àdììtú Olódùmarè ti Fágúnwà, ti wà ní ìlà àkọ́kọ́ nínú ti ọdún yìí.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo wá bẹ̀ nìyí. Kí olúkúlùkù yín mú iye tó bá lè ṣe, ì báà ṣe ìwé mẹ́ta pẹ̀lú fíìmù mẹ́ta, kó sì sọ iye náà létí ẹnìkan kó tó kúrò níhìn-ín, torí ẹni tó bá dá a mọ̀ nìkan kì í pẹ́ gbàgbé. Ní oṣù méjì-méjì, ká máa pàdé láti jíròrò: Ìnísà lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà Òkukù, kó tó kan Ìkìrun. Ojú ọ̀nà kan náà ni, kò sí ẹni tí yóò ní ọ̀nà jìn. Àwọn ti Èkó àti ti òkè òkun yóò máa bá wa sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ká sì ní àpótí ìwé kan tí yóò máa bá ìpàdé kiri, kí àwọn ọmọ wa lè máa yá níbẹ̀. Mo ti fi ìwé mẹ́rin sí i. Ẹni tó bá ní Rẹ́rẹ́ Rún nílé, kó mú un dání bọ̀ ní Ìnísà, torí ẹ̀dà tèmi ti já sí méjì, ìdá kejì ni mi ò sì mọ ibi tó wà.