Ẹyẹ Inú Ìfefe Méjì Tí Kì Í Jẹ Ìrẹsì



Àbá kan wà nílẹ̀ pé kí a gé gbogbo ìfefe etí odò, kí a sì dáná sun ún kí ìrẹsì tó gbó, nítorí àwọn ẹyẹ. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣáná, a fẹ́ kí ẹ mọ àwọn tí ń gbé inú rẹ̀.

Ẹyẹ méjì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ẹbí kan náà. Reed Warbler ni Òyìnbó ń pe ọ̀kan, Great Reed Warbler ni èkejì. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ní àwọ̀ ilẹ̀, ikùn wọn sì funfun díẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń bá wa gbé. Bí ó bá di nǹkan bí oṣù Kẹrin, wọn a la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá padà sí Yúróòpù àti apá kan Éṣíà lọ yé ẹyin.

Báwo ni a ṣe lè dá wọn mọ̀? Èyí àkọ́kọ́ kéré: gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 13, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù 10 sí 15 lọ. Èkejì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 19, ó sì wúwo tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Bí ó bá bà lé ìfefe, igi rẹ̀ a tẹ̀. Kékeré a máa sọ wótowòto ní ohùn jẹ́jẹ́. Ńlá a máa ké kíkankíkan, ohùn rẹ̀ a há bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Ìlà funfun tí ó wà lókè ojú rẹ̀ sì hàn ju ti kékeré lọ.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti jọra ni ó kàn wá jù. Ẹ wo ẹnu wọn. Ẹnu ẹ̀gà ki, ó lágbára láti fọ́ hóró. Ẹnu àwọn méjì yìí tẹ́ẹ́rẹ́, ó ṣe ṣóńṣó. Kòkòrò àti aláǹtakùn ni wọ́n fi ń ṣà jẹ. Wọn kì í jẹ ìrẹsì. Bí a bá sun ìfefe, ẹ̀gà yóò fò lọ sórí igi, yóò sì padà wá lọ́la. Àwọn tí kò ṣẹ̀ wá ni yóò pàdánù ilé àti oúnjẹ, etí odò wa yóò sì ṣí sílẹ̀ fún ọ̀gbàrá.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni èyí: ẹ jẹ́ kí a pín ara wa láti máa lé ẹ̀gà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, láti ìgbà tí ìrẹsì bá ti ní omi bíi wàrà nínú títí di ìkórè. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń fi rọ́bà ta ẹyẹ kiri. Ẹni tí ó bá sì rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ kan, kí ó kọ nọ́ńbà àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ wá fún wa ní ọ́fíìsì. Òun ni àwọn tí ń kọ́ nípa ẹyẹ fi ń mọ ibi tí ẹyẹ náà ti wá.

Àwa náà ti ọ̀nà jíjìn wá kí a tó rí ilẹ̀ dáko níhìn-ín. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnu ẹyẹ kí a tó dá a lẹ́bi.