Demas Nwoko: Láti Ojú Ìtàgé Dé Abúlé

Ní ọdún 1963, ẹgbẹ́ eléré Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé eré tuntun kan jáde ní gbọ̀ngàn eré ìtàgé Yunifásítì Ìbàdàn. Lánke Ọ̀mùtí ni eré náà, inú ìwé Amos Tutùọlá tó jáde ní 1952 ló sì ti mú un. Ẹni tó ṣe ojú ìtàgé àti aṣọ eré náà kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Demas Nwoko ni, ọmọ ọba láti Idumuje-Ugboko, ní apá ibi tó di Ìpínlẹ̀ Delta lónìí. Kò tíì pé ẹni ọdún 28 nígbà náà.

Ẹ jẹ́ ká wo irú iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́. Ọ̀mùtí kan ló ń wá adẹ́mu rẹ̀ tó já bọ́ látorí ọ̀pẹ tó sì kú. Ó wọ igbó àwọn iwin lọ, ó sì bá ọ̀rọ̀ ọkùnrin arẹwà kan pàdé, ẹni tó jẹ́ pé ńṣe ló yá gbogbo ẹ̀yà ara rẹ̀. Bó ṣe ń padà sílé ló ń dá ẹsẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín, tó ń dá apá padà, títí tó fi ku agbárí nìkan. Nínú ìwé, ẹnu lásán ti tó láti sọ ọ́. Lórí ìtàgé, ojú ni yóò rí i. Ẹni tó ń ṣe aṣọ eré gbọ́dọ̀ mọ bí iwin ṣe máa jọ iwin lójú àwọn tó ti mọ eégún láti kékeré, nítorí irú wọn kì í rí ìdàkudà kí wọ́n pè é ní ọ̀nà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ Nwoko ti bá ìlú pàdé. Eré náà sì rìn jìnnà: ní 1969, ẹgbẹ́ Ògúnmọ́lá gbé e lọ sí àjọ̀dún àṣà gbogbo Áfíríkà ní Algiers.

Níbo ni ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ti kọ́ ọgbọ́n náà? Ilé yíyà ló kọ́kọ́ fẹ́ lọ kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Zaria. Nígbà tó rí i pé ìlà fífà lásán ni wọ́n ń kọ́ wọn níbẹ̀, ó yí sí iṣẹ́ ọ̀nà. Ní 1958, òun àti Uche Okeke, Bruce Onobrakpeya, Yusuf Grillo àtàwọn mìíràn dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọ̀nà kan sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kí ọmọ Nàìjíríà mú èyí tó dára nínú ti baba rẹ̀, kó mú èyí tó dára nínú ti òyìnbó, kó sì pa méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn náà, Nwoko lọ kọ́ iṣẹ́ ìtàgé ní Paris. Láti 1963 títí di 1978, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀ka eré ìtàgé Yunifásítì Ìbàdàn.

Láàárín ọdún wọ̀nyí ló kọ́ New Culture Studio sí Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Kò wá ohun èlò olówó ńlá. Ilẹ̀ pupa ibẹ̀ ló lò: yangí tí wọ́n po sìmẹ́ńtì díẹ̀ mọ́, tí wọ́n wá fi ṣe búlọ́ọ̀kù. Ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀ fúnra rẹ̀, wọn kò ní láti kùn ún. Ibi eré kan wà níbẹ̀ tí kò ní òrùlé, tí ìjókòó rẹ̀ ga léraléra bí àtẹ̀gùn, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè rí ẹni tó ń jó níwájú. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ará Ìbàdàn ló ń gba Mọ́kọ́lá kọjá lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà lágbègbè wọn.

Àwọn àlùfáà Dominican rí ọwọ́ rẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ ilé ìjọsìn wọn ní Samonda, n'Ìbàdàn, fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Kò ní ìwé ẹ̀rí ilé yíyà, àmọ́ ìyẹn kò dí wọn lọ́wọ́. Igi gbígbẹ́, irin, ilẹ̀kùn, òun náà ló fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń ṣe lórí ìtàgé, níbi tí ẹnì kan náà ti lè ronú nípa aṣọ, iná àti ibi tí òṣèré máa gbà wọlé. Ní Benin náà, òun ló ya ilé àṣà tí wọ́n fi orúkọ Ọba Akenzua pè.

Ìlú rẹ̀ ló wá padà sí. Ní Idumuje-Ugboko, ó kọ́ ilé tirẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n ilé àtijọ́ ibẹ̀, irú èyí tí àwọn baba tiwa náà mọ̀ dáadáa: àgbàlá wà láàárín, òrùlé yí i ká, ìmọ́lẹ̀ àti òjò ń gba àárín wọlé. Ó dá ihò afẹ́fẹ́ sí ara ògiri kí ooru lè jáde láìlo ẹ̀rọ amúlétutù. Lábúlé tí iná kì í ti í dúró, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn láàárín ilé tó ṣeé sùn àti èyí tí kò ṣeé sùn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, nígbà tó ti di ẹni ọdún 87, àjọ Biennale ìlú Venice ní Ítálì fún un ní Kìnnìún Oníwúrà fún iṣẹ́ ilé yíyà tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Lesley Lokko, ọmọ Gánà tó darí àfihàn ọdún náà, ló dábàá orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà n'Ìbàdàn, ẹ kò nílò físà láti rí iṣẹ́ náà. Ẹ dé Samonda, kí ẹ ya Mọ́kọ́lá, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ dání.