Ìwọ̀n Ṣáájú Ooru
Ẹ̀yin àgbà Rẹ́mọ, ìwé kíkà ni iṣẹ́ mi. Awò kan mú kí orí máa fọ́ mi rí, nítorí pé ojú lásán ni a fi díwọ̀n rẹ̀. Bí dígí díópítà 5 bá fi mìlímítà 4 yẹ̀ kúrò níwájú ọmọlójú, ohun tí ó wà ní mítà 1 yóò yẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.

Nítorí náà, ẹni tí yóò ṣí ilé awò ní Ṣágámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, rúlà ni kí ó kọ́kọ́ rà; kò dúró de iná ọba. Lẹ́yìn náà, kí ó yan ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ gbígbóná tí a lè dín ooru rẹ̀ kù, nítorí pé férémù ike kò gba ooru bákan náà. Ooru a máa tẹ férémù. Kì í tún ìwọ̀n tí ó yẹ̀ ṣe.