Orúkọ Tí A Fi Ń Ta Oúnjẹ: Kí A Yá Ni Ni, Tàbí Kí A Má Yá Ni?

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa)



Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí òwò oúnjẹ ṣe lè gbilẹ̀. Bí búkà kan bá kún, ọ̀nà wo ni a ó gbà ṣí èkejì? Ọ̀nà méjì ni ó wà. Èkíní ni pé kí olówò fi owó ara rẹ̀ ṣí ẹ̀ka, kí ó gba òṣìṣẹ́ sí i, kí èrè àti àdánù jẹ́ tirẹ̀. Èkejì ni pé kí ó yá ẹlòmíràn ní orúkọ àti ọ̀nà ìsebẹ̀ rẹ̀. Onítọ̀hún yóò fi owó tirẹ̀ ṣí ilé oúnjẹ, yóò sì máa san ìdá kan nínú owó ọjà fún ẹni tí ó ni orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ilé ara wa bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ìyá mi kan ta àmàlà lẹ́bàá gáréèjì fún ọdún pípẹ́. Ìbátan wa kan tọrọ orúkọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn. Ẹnu lásán ni wọ́n fi ṣe àdéhùn. Kò pẹ́ tí ẹni náà fi ń ra èlùbọ́ olówó pọ́ọ́kú, tí gbẹ̀gìrì rẹ̀ sì ń ṣàn bí omi. Àwọn awakọ̀ tí ó jẹun níbẹ̀ gbé ìròyìn wá sílé, àwọn oníbàárà tí kò dé Ìbàdàn rí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ìkòkò tilé. Nígbà tí màmá náà ní kí wọ́n sọ pátákó òun kalẹ̀, wọ́n bi í léèrè ìwé. Kò rí èsì fọ̀.

Ṣé kí a má yá ẹnikẹ́ni mọ́ ni? Ẹ jẹ́ kí a wo California ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1948, Harry Snyder àti Esther aya rẹ̀ ṣí In-N-Out ní Baldwin Park. Títí di òní, ìdílé wọn kò yá ẹnikẹ́ni ní orúkọ náà. Lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 70, ilé oúnjẹ wọn jẹ́ nǹkan bí 400. Ní 1948 kan náà ni Richard àti Maurice McDonald tún iṣẹ́ wọn tò ní San Bernardino kí oúnjẹ lè máa yára jáde. Ray Kroc bá wọn ṣe àdéhùn, ó sì ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀ ní Des Plaines ní 1955. Ó ń gba 950 dọ́là lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ yá orúkọ, àti dọ́là 1.9 nínú 100 dọ́là tí ó bá tà. Ní 1961 ó ra gbogbo ẹ̀tọ́ náà ní mílíọ̀nù 2.7 dọ́là. Lónìí ilé oúnjẹ McDonald's lé ní 40,000, nǹkan bí 95 nínú 100 wọn ni ó sì wà lọ́wọ́ àwọn tí ó yá orúkọ.

Ẹ má wo iye nìkan. Ní 1961 náà ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí yóò máa ṣe àkóso ilé oúnjẹ wọ̀nyí. Nígbà tí ẹni tí ó yá orúkọ ní Paris kò pa òfin ìmọ́tótó mọ́, ilé ẹjọ́ ní Illinois dá McDonald's láre ní 1982 pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gba orúkọ rẹ̀ padà. Ìwé ni ó gbà wọ́n. Àìsí ìwé ni ó dójú ti màmá wa.

Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe: ẹni tí ó dá ẹ̀ka tirẹ̀ sílẹ̀ ni yóò pàṣẹ ìkòkò, ṣùgbọ́n owó ilé àti owó òṣìṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀, yóò sì pẹ́ kí ó tó gbilẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: owó ẹlòmíràn a máa mú òwò yára, ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ a sì máa tètè jí ju alágbàṣe lọ. Ṣùgbọ́n ìjà kan fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹni tí ó ni orúkọ ń jẹ nínú ohun tí a tà. Ẹni tí ó yá a ń jẹ nínú ohun tí ó ṣẹ́kù. Nítorí náà ni ọwọ́ rẹ̀ fi ń yá láti dín ẹran kù.

Ìmọ̀ràn mi kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ kọ́kọ́ fi owó ara yín ṣí èkejì. Bẹ́ẹ̀ ni UAC ṣe nílẹ̀ wa: tiwọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Mr Bigg's ní 1986, kí wọ́n tó máa yá ẹlòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ òṣùwọ̀n yín sílẹ̀: irú èlùbọ́, iye omi, ìwọ̀n ẹran. Ohun tí ó wà nínú orí nìkan kò ṣeé yá ni. Ní ìkẹta, ẹ fi orúkọ òwò yín sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Ọdún 7 ni ìjọba ń fún ni lákọ̀ọ́kọ́, a sì lè tún un ṣe fún 14 mìíràn. Kí agbẹjọ́rò kọ àdéhùn tí yóò sọ ìgbà tí ẹ lè wá yẹ ìkòkò wò, àti ohun tí yóò mú kí ẹ gba pátákó yín.

Màmá wa kò ta àmàlà mọ́, ṣùgbọ́n ó ní kí n sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ yín dé ibi tí ẹsẹ̀ yín kò lè dé. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ.

Kí Ọlọ́run bùkún ìlú wa, kí ó sì bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa.